Ọkọ̀ tòkúnbọ̀: ẹ jẹ́ kí á ṣírò owó rẹ̀ títí dé Àbújá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ ń gbé ní Ìlọrin, ó sì gba àwa òǹkàwé nímọ̀ràn pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ tún fẹsẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Nàìjíríà; pé kí olúwa rẹ̀ fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n bá a ra ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kí ó sì lọ gbà á ní èbúté Èkó ní ìdajì owó tí àwọn olówò ọkọ̀ ń pè é. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá níbí. Mo ti ra ọkọ̀ láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti ra ti abẹ́lé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ojú mi rí kò bá ìmọ̀ràn yẹn mu, pàápàá fún ẹni tó ń gba owó oṣù, tó sì ń gbé ní Òkè Ọya níbi tí èbúté ti jìnnà.

N kò sọ pé òǹkọ̀wé náà purọ́. Ìṣirò rẹ̀ ló kúrú. Ó ka iye tí wọ́n ta ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ó fi owó ọkọ̀ ojú omi lé e, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, fi àwòrán Toyota Corolla kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ọkọ̀ ọdún 2014, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fẹ́ tà ní gbàǹjo. Àwòrán méjìlá ni. Bọ́ńpà iwájú là lápá ọ̀tún, iná kan fọ́. Gbogbo ibi yòókù ń dán gbinrin. Owó tí wọ́n ń pè é dùn mọ́ wa nínú, a kó owó jọ, ó sì bá wa rà á. Nínú oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ náà bọ́ sójú òkun.

Kí á tó sanwó, èmi àti ejẹ́ǹtì tí yóò bá wa gba ọkọ̀ jáde ti jókòó ṣírò owó ibodè. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ẹni tó bá kó àlòkù ọkọ̀ wọlé yóò san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó ibodè, yóò sì san ìdá 15 mìíràn gẹ́gẹ́ bí owó àfikún, kí á tó wá sọ̀rọ̀ owó orí ọjà VAT àti àwọn wẹ́wẹ́ tó tẹ̀lé e. Kí àwọn òǹkàwé fi ọkàn sí èyí dáadáa: kì í ṣe iye tó wà nínú rìsíìtì yín ni àwọn aṣọ́bodè ń ṣe ìṣirò lé lórí. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń lo nọ́ńbà VIN ọkọ̀, ìyẹn àmì mẹ́tàdínlógún, nọ́ńbà àti lẹ́tà pọ̀, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, láti mọ iye tí wọn yóò gbé lé e. Ẹ lè ra ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú o. Iye tí ẹ̀rọ wọn bá gbé jáde ni ẹ ó sanwó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé dọ́là 5,000 ni wọ́n gbé lé ọkọ̀ kan. Ìdá 35 nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,750. Nígbà tí à ń ṣírò tiwa ní oṣù Kẹrin, náírà 422 àti díẹ̀ ni aṣọ́bodè ń ka dọ́là kan sí, èyí tó mú owó náà jẹ́ nǹkan bíi ₦739,000. Kò sí ẹyẹ tó sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, nígbà tí ọkọ̀ wa ṣì wà lórí òkun, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, dọ́là ti di 589 lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Nígbà tí oṣù Keje wọlé, ó ti ju 770 lọ. Dọ́là 1,750 kan náà yẹn di nǹkan bíi ₦1,349,000. Ọkọ̀ kò yí padà, ẹni tó rà á kò yí padà, òfin pàápàá kò yí padà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti jẹ yọ láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tí ọkọ̀ tiwọn dé ní oṣù Kejì ọdún 2024 kò tilẹ̀ ní fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ tèmi, nítorí iye tí aṣọ́bodè ń lò nígbà náà ti ju 1,300 lọ.

Mo sáré lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ibi iṣẹ́ wa láti yá owó. Kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ mọ́kànlá ti lọ. Ọkọ̀ kì í jẹ, kì í mu, ṣùgbọ́n ní èbúté, gbogbo ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó ń jẹ owó ilẹ̀. Mo san ìyẹn. Mo san ti ejẹ́ǹtì. Nígbà tí a gbà á jáde, kò sí táyà àfikún, kò sí jáàkì, bátìrì sì ti kú. N kò lè sọ ẹni tó yọ wọ́n tàbí ibi tí wọ́n ti yọ wọ́n, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni sùn.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò láti Èkó sí Àbújá, èyí tí òǹkọ̀wé Ìlọrin kò kà sí nǹkan kan nítorí pé òun sún mọ́ Èkó jù wá lọ. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, epo bẹtiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi igba náírà ti ju 500 lọ ní Àbújá. Mo san owó epo, mo san owó awakọ̀, mo sì fún un ní owó oúnjẹ àti owó ibùsùn ní Lọ́kọ́jà, nítorí n kò fẹ́ kí ó fi òru rin ọ̀nà yẹn. Ó ní ibi mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dá òun dúró béèrè ìwé ọkọ̀ kí òun tó rí Gwagwalada. Ìwé wa pé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò bá pé rò ó wò.

Ibi tó dùn mí jù kò tíì dé. Mo gbé Corolla náà lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo kí wọ́n bá mi tún bọ́ńpà ṣe. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ níbẹ̀ fi àtàǹpàkò tẹ àárín sítíárì, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì wò mí lójú. Ó ní, “Alàgbà, ibí yìí rọ̀ jù.” Ó fi irin pẹlẹbẹ kan yọ ìdérí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báàgì afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba àyà awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan kò sí níbẹ̀; ó ti bẹ́ nígbà ìjàǹbá tó mú bọ́ńpà là, wọ́n sì ti gé e sọnù. Oṣù mẹ́rin ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ fi jókòó sínú ọkọ̀ náà kí a tó rí owó tún un ṣe.

Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ ka ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá láti Texas, ọ̀rọ̀ kan wà lórí rẹ̀ gbàgàdà: salvage. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti wo ọkọ̀ náà, wọ́n rí i pé owó àtúnṣe rẹ̀ pọ̀ jù fún iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó, wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo. Ìdí abájọ tó fi jẹ́ ìdajì owó nìyẹn. Àbúrò wa kò tàn wá jẹ o. Ohun tí àwa rí ni òun náà rí, àwòrán méjìlá, nítorí ibi tí ọkọ̀ wà jìnnà sí ilé rẹ̀ tó ìrìn wákàtí mẹ́rin, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí ó lè lọ. Ó ń gbé ní Amẹ́ríkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dé ara ọkọ̀ náà ju ojú èmi tí mo wà ní Kubwa lọ.

Orúkọ ọmọ ni Tòkúnbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọkọ̀. A kì í da ìbéèrè bo ọmọ tó ti òkun bọ̀ lórí ìyà tó jẹ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ni ó yẹ kí á bi. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà VIN lọ́wọ́ lè san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Carfax tàbí AutoCheck kí wọ́n fi ìtàn ọkọ̀ náà hàn án: ìjàǹbá, omíyalé, iye máìlì tó ti rìn nígbà tí wọ́n tà á kẹ́yìn. Kì í ṣe ohun gbogbo ni yóò wà níbẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n fi tó aláṣẹ létí nìkan ni wọ́n lè kọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju àwòrán méjìlá lọ. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́ńbà náà ló ń sọ ọdún ọkọ̀: D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ 2015 sí gíláàsì iwájú rẹ̀ ní Àbújá níbí tí D wà nínú nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún ọkọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kó o wọlé, nítorí àlòkù ọkọ̀ tí ó bá ti ju ọdún 12 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè ní ibodè.

Ní ti àwọn tí ẹbí wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ wọn wà, àwa sì ti kúrò ní rírin apá òsì títì láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ láti Kánádà, kí ó wólẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ máa ń jẹ irin.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á kúkú lọ ra tòkúnbọ̀ tí àwọn olówò ti gbé dé Àbújá. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí ẹ ó fojú rí i, ẹ ó fọwọ́ kàn án, ìyọnu owó dọ́là àti ti èbúté sì ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ọjà gbàǹjo kan náà ni wọ́n ti wá, àfi pé àwọn panẹ́ẹ̀lì bítà àti àwọn tó ń kun ọkọ̀ ti ṣe iṣẹ́ lórí wọn. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Ìbejì, alábàágbé wa, ní kí n bá òun lọ wo Honda Accord kan, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Evil Spirit. (Bí a ṣe ń fi owó wa ra ẹ̀mí burúkú, n kò mọ̀.) Ọkọ̀ náà rẹwà lójú. Mo jókòó sí ibi awakọ̀, mo fa bẹ́líìtì ìjókòó títí ó fi jáde tán. Ìsàlẹ̀ pátápátá, apá tó máa ń ká sínú tí oòrùn kì í rí, ti yí àwọ̀ padà, ilà pupa kan sì là á já gẹ́gẹ́ bí ilà tí odò máa ń fi sára ògiri nígbà tó bá fà. A ká kápẹ́ẹ̀tì sókè: iyanrìn kúnná wà lábẹ́ rẹ̀, bólítì tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ sì ti dípẹtà. Alágbàtà ní eruku ọyẹ́ ni. Eruku ọyẹ́ kì í fa ilà.

Ọkọ̀ tó ti mu omi kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí a rà á. Omi yóò ti wọ inú wáyà àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà lábẹ́ ìjókòó àti lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, títí tí iná ìkìlọ̀ yóò fi máa tàn lónìí tí yóò sì kú lọ́la, tí rewáyà kan kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó ba Houston jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àti ìjì Ian tó jà ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọkọ̀ tó mu omi kún ọjà gbàǹjo lọ́hùn-ún. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé àwa náà ní omi tiwa. Ẹni tó bá gba Lọ́kọ́jà àti Koton-Karfe kọjá nígbà omíyalé ọdún 2022 yóò rántí ibi tí omi gùn dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ tiwa ní Òkè Ọya gan-an. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Èbúté omi nìkan ni ọkọ̀ lè gbà wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ Kàtsínà àti Kánò mọ̀ pé ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Kùtọnu máa ń gba inú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r lọ sí Maradi, kí ó tó yọ sí Jibiya. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá wa ní Àbújá ní owó tó kéré, tí wọ́n á ní ìwé rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má gbà á. Àwọn aṣọ́bodè lè dá ọkọ̀ dúró lójú pópó kódà lẹ́yìn tó ti ní nọ́ńbà, ẹni tí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba fún àwọn tí ọkọ̀ wọn kò sanwó ibodè láàyè láti wá san án pẹ̀lú ìtanràn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan tí mo mọ̀ lọ san án. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ Jibiya ti wọ́n ju ọkọ̀ Èkó lọ.

Èyí tí èmi ń tọ́ka sí ni ọkọ̀ tí ẹnìkan ti lò ní Nàìjíríà, tí ẹni náà wà láàyè, tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí ẹ sì lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà nìyẹn, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, tí kò sí abúlé tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo rà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Gwarinpa ní ọdún 2021, nígbà tó ń múra àtilọ sí ìlú Ọba. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń já pá láti ọdún mélòó kan. Wọn kò lè gbé ọkọ̀ wọn wọ bàálù, wọ́n sì fẹ́ tà á kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, nítorí náà wọn kì í lọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìwé eléwé ogójì kan fún mi tí ó kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì sí, iye tí ó ná, àti nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, éèsì rẹ̀ kì í tutù tí a bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò.” Mo yọ ọ́. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti rẹ̀, táyà mẹ́ta ti jẹ, mo ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù méjì, mo sì mọ iye tí yóò ná mi kí n tó kó owó sílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà wa ti gbo ó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, àwọn ará ìjọ kò sì bá mi yọ̀ bí wọ́n ṣe bá mi yọ̀ lórí tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe é ni mo rà, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ẹ rí ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀ àti ìwé ibodè, kí ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé, kí ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn kò jí i gbé, kí ẹ sì pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé rẹ̀ kí olówó tó wọ bàálù, nítorí àtirí i lẹ́yìn ìyẹn kò rọrùn.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí rírà láti òkèèrè yẹ fún: ẹni tí ènìyàn rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà, tí ó ra ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ mọ́, tí ó sì ní owó mìíràn nípamọ́ bí dọ́là bá ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá yá owó ra ọkọ̀ kò sí lára wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín, ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ máa ń tẹ iye owó gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà jáde láti ọjà dé ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ìlà kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iye náírà tí àwọn aṣọ́bodè ń ka dọ́là kan sí ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí mo bá ti rí irú rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, n kì bá sì tí san owó ilẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá yẹn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá.